Nítorí N3,000, iná fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ

Ooru Èkó nínú oṣù kẹta, ẹni tó bá sùn sínú ẹ̀ ló lè ròyìn ẹ̀. Tí òjò ò bá tíì rọ̀ dáadáa, tí oòrùn ti fi gbogbo ọ̀sán na páànù, tó bá dalẹ́, inú yàrá á gbóná bí ààrò búrẹ́dì. Àgbàlagbà lè máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré ò mọ abẹ̀bẹ̀, igbe ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí fáànù òkè àjà kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì mọ́ nílé òṣìṣẹ́. Ẹni tó máa jí laago mẹ́rin ààbọ̀ kó tó lè bá mọ́tò àkọ́kọ́ lọ sí Erékùṣù, tí kò bá rí oorun sùn, kí ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́?

Bó ṣe rí fún Bàbá Ìbejì àtìyàwó ẹ̀ náà nìyẹn, àwọn tí wọ́n ń gbé yàrá àti pálọ̀ nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lágbègbè Agége. Fáànù tó wà lókè yàrá wọn, ọjọ́ orí ẹ̀ ju ti ìgbéyàwó wọn lọ. Nígbà tí ooru dé, fáànù náà bẹ̀rẹ̀ ìṣekúṣe. Tí iná bá dé, á kàn máa kùn bí oyin ni, kò ní í yí. Ó di kí Bàbá Ìbejì gun orí bẹ́ẹ̀dì, kó fi igi ìgbálẹ̀ tì í, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bí ìgbà tí wọ́n ń fipá mú ọmọ lọ síléèwé. Nígbà tó yá, ara àwọn ìbejì, tí wọn ò tíì pé ọdún méjì, sú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nítorí ooru.

Ìyá Ìbejì ní, "Bàbá Ìbejì, fáànù yìí ti kú o. Ẹ jẹ́ ká ra òmíì." Ọkọ ẹ̀ ní kó jẹ́ kí wọ́n gbowó oṣù ná. Ṣùgbọ́n àjọ tí obìnrin náà ń dá kàn án lọ́jọ́ Fáídé, kò wo ẹ̀yìn, ọjà Alábà ló gbà lọ. Fáànù tuntun tó ní abẹ́ mẹ́ta, tó ń dán yinrin, ló gbé wálé.

Ó wá ku ẹni tó máa gbé e kọ́.

Àgbà oníná kan wà ládùúgbò, tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Bàbá Oníná. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Nígbà tó wọ yàrá, kò tiẹ̀ wo fáànù tuntun náà, òkè ló ń wò.

"Ìyá Ìbejì, irin tí wọ́n fi fáànù àtijọ́ yẹn kọ́, ọdún wo ni wọ́n ti kì í bọ inú dẹ́kìn?"

"Bàbá, mi ò mọ̀ o. Bá a ṣe bá a nìyẹn."

"Ó dáa. Màá gbé àkàbà mi wá. Màá yẹ irin yẹn wò, màá yẹ súìṣì wò, màá sì pa méènì kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ fún mi ní N8,000."

Ìyá Ìbejì pariwo. "Ẹẹ̀ẹ́! N8,000 kẹ̀, Bàbá? Fáànù kan ṣoṣo! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba N4,000."

Bàbá Oníná rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe torí fáànù ni mo ṣe ń gbowó. Abẹ́ ẹ̀ lẹ máa sùn." Ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Bàbá Ìbejì ní ìyànjẹ pọ́ńbélé ni. Ó ní ṣé torí wáyá méjì tó fẹ́ so pọ̀ ló ṣe fẹ́ gba N8,000. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ iná lójú títì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ọmọ náà ò tíì gba fìrídọ̀mù, ọ̀gá ẹ̀ ò sì mọ̀ pé ó ń gba iṣẹ́ kọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n mú N5,000 wá. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: N3,000 ni tọkọtaya yìí rò pé àwọn jẹ lérè.

Ọ̀sán Sunday lọmọ náà dé. Kò gbé àkàbà, kò mú tẹ́sítà. Súkúdíráfà kan àti píláyà kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Iná ò sí láti àárọ̀. Wọ́n gbé àpótí lé orí tábìlì, ọmọ náà gun un. Bàbá Ìbejì, kí wọ́n má parọ́ mọ́ ọn, béèrè ọ̀rọ̀ kan tó dáa, ó ní, "Ṣé ká lọ pa méènì nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn?"

Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò síná, kí lẹ fẹ́ pa? Mo dẹ̀ ti pa súìṣì ara ògiri."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn-ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ikú wà. Ọmọ náà tú fáànù àtijọ́ sílẹ̀, ó gbé tuntun kọ́ irin, ó ń lọ́ wáyá mọ́ra. Ìyá Ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwọn ìbejì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ni, ó fẹ́ lọ wẹ̀ fún wọn. Ọwọ́ kan ọmọ náà wà lára wáyá, ó fi ọwọ́ kejì di irin òkè mú kó má baà ṣubú. Àfi bí àwọn ọmọdé ṣe pariwo lójúde: "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!"

Láti ọdún 2005 ni wọn ò ti pe iléeṣẹ́ náà ní NẸ́PÀ mọ́, orúkọ ẹ̀ di PHCN. Lọ́dún 2013, ìjọba tún fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n igbe táwọn ọmọ ń ké tí iná bá dé ò yí padà. Lọ́jọ́ yẹn, igbe ayọ̀ ọmọdé ló di igbe ìbànújẹ́ nínú yàrá.

Iná gbé ọmọ náà. Kò lè pariwo, kò lè jáwọ́, ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀ lórí àpótí. Bàbá Ìbejì fò dìde, ó fẹ́ dì í mú lẹ́sẹ̀. Ìyàwó Bàbá Onílé, tó ń kọjá lójú wíńdò, ló lọgun pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ lọ pa méènì!" Bàbá Onílé fúnra ẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ló sáré débi mítà, ó sì já méènì wálẹ̀. Bí iná ṣe fi ọmọ náà sílẹ̀ ló re bọ́ látòkè. Ọrùn ọwọ́ òsì ẹ̀ kán. Fáànù tuntun náà sì já lé orí bẹ́ẹ̀dì, ibi táwọn ìbejì dùbúlẹ̀ sí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú. Abẹ́ ẹ̀ kan wọnú fóòmù.

Wọ́n ní Ìyá Ìbejì ò sunkún, ó kàn ń wo fóòmù yẹn ni.

Ariwo gba ilé. Ẹnì kan gbé epo pupa dé, ẹlòmíì gbé mílíìkì inú agolo, àwọn kan ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí iyẹ̀pẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Bàbá Onílé tó ní ọsibítù ni kí wọ́n máa gbé e lọ. Dókítà to egungun ọwọ́ ẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù, nítorí ẹni tí iná gbé lè dìde, kó máa rìn, kí ọkàn ẹ̀ ṣì máa dàrú.

Nígbà tílẹ̀ mọ́ ni ìjà gidi bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọmọ náà dé pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́, ó ní àfi kí wọ́n gbé ọmọ òun bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ fún òun. Ọ̀gá ẹ̀ dé, ó ní òun ò rán an níṣẹ́, òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Bàbá Ìbejì ní ọmọ náà ló sọ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyá Ìbejì bínú sí ọkọ ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ pe ọmọ yìí." Ọkọ dáhùn pé, "Ta ló ná Bàbá Oníná ní N4,000?" Odidi àdúgbò dúró sójúde, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Bàbá Onílé ló parí ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́ mi. Nígbà tẹ́ ẹ pè é, ṣé ẹ béèrè ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́? Ẹ ò béèrè. Iye tó máa gbà nìkan lẹ béèrè. Ẹ lọ san owó ọsibítù." Wọ́n san án. Owó náà ju N8,000 Bàbá Oníná lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, owó àjọ tó kù sì bá a lọ.

Lọ́jọ́ Wẹsidé, tìtìjú tìtìjú, wọ́n tún lọ pe Bàbá Oníná. Bàbá náà ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kọ́kọ́ lọ pa méènì, ó yọ kọ́táòtù, ó sì fi í sí àpò ṣòkòtò ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ tan án. Ó gbé àkàbà onígi ẹ̀ wá. Nǹkan mẹ́ta ló fi hàn wọ́n.

Àkọ́kọ́ ni súìṣì. Wáyá méjì ló ń gbé iná fún fáànù: láìfù, tí iná ń gbà wọlé, àti nútírà, tó ń gbà padà. Láìfù ló yẹ kí súìṣì máa já. Ẹni tó ṣe wáyá ilé yẹn ti gba nútírà kọjá lára súìṣì, ó wá so láìfù mọ́ fáànù tààrà. Tí wọ́n bá pa súìṣì, fáànù á dúró, gbogbo èèyàn á sì rò pé iná ò sí níbẹ̀. Irọ́ ni, iná wà lára ẹ̀ digbí. Ìdí nìyẹn tí súìṣì tọ́mọ náà pa ò fi gbà á sílẹ̀. Ọwọ́ kan tó wà lára wáyá, ọwọ́ kejì tó wà lára irin dẹ́kìn, iná gba àyà ẹ̀ kọjá láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ọ̀nà tó burú gan-an nìyẹn, torí ọ̀nà ọkàn ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni irin tí fáànù rọ̀ mọ́. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi pé nígbà tí Bàbá Oníná fi píláyà fà á, ó já bọ́ sí i lọ́wọ́ bí egungun ẹja. Ká tiẹ̀ ní iná ò gbé ọmọ náà, fáànù yẹn ì bá já lọ́jọ́ kan, bóyá lóru, nígbà tí ọmọ méjì wà lábẹ́ ẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dun Ìyá Ìbejì jù. Bàbá Oníná gbé fáànù àtijọ́ sórí tábìlì, ó tú ìdérí ẹ̀, ó yọ nǹkan kékeré kan tó dà bíi páálí ìṣáná jáde. Kàpásítọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń fún fáànù lágbára láti gbéra. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, fáànù á máa kùn, kò ní í yí àfi tí wọ́n bá tì í, tó bá sì yí, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Bàbá náà fi tuntun sí i. Nígbà tó so ó mọ́ iná, fáànù àtijọ́ gbéra, ó ń fẹ́ yẹ́ẹ́.

Ó ní, "Fáànù yín ò kú, Ìyá Ìbejì. Ebi ló ń pa á." Owó kàpásítọ̀ ò tó nǹkan kan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó fáànù tuntun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ má kàn rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ ṣí ewé kejì. Ilé tó wà báyìí pọ̀ ní Agége, ó pọ̀ ní Mushin, ó pọ̀ n'Íbàdàn, ó pọ̀ l'Ábẹ́òkúta. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe oníná wá gbé fáànù kọ́, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nìyí.

Kẹ́ ẹ tó ra tuntun, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ àtijọ́ wò. Èyí tó ń kùn tí kò yí, kàpásítọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó ń jó bí eégún lókè, ó lè jẹ́ pé bóòtù abẹ́ ẹ̀ ti tú, tàbí pé abẹ́ kan ti tẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń rùn bíi rọ́bà tó jóná, ẹ pa á kíá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kàpásítọ̀ nìyẹn.

Ẹ béèrè ẹni tó kọ́ oníná náà níṣẹ́, kẹ́ ẹ sì béèrè ìwé ẹ̀. Ìwé tíréèdì tẹ́ẹ̀sì ti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ wà, ọ̀pọ̀ àwọn oníná tó mọṣẹ́ ló ní in. NEMSA, tí òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 2015, ni ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò iná lé lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń fún àwọn tó kúnjú òṣùwọ̀n níwèé ẹ̀rí. Tí kò bá ní ìwé kankan, ẹ béèrè ilé méjì tó ti ṣiṣẹ́ ládùúgbò, kẹ́ ẹ sì lọ béèrè níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, kí ọ̀gá náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ bi yín. Oníná gidi á béèrè ibi tí méènì wà kó tó béèrè ibi tí fáànù wà. Àìsí iná kì í ṣe ìdí tí wọn ò fi ní í pa méènì, torí ẹni tó mú iná lọ ò ní í kọ lẹ́tà kó tó dá a padà. Tẹ́ ẹ bá ní jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà, ẹ sọ fún un, ìyẹn náà ní láti kú. Kó fi tẹ́sítà yẹ wáyá wò, kó sì kọ́kọ́ dán tẹ́sítà náà wò níbi tí iná wà, torí tẹ́sítà tó ti bàjẹ́ náà máa ń sọ pé kò síná.

Kó yẹ irin òkè wò. Fáànù kì í kàn rọ̀ lásán, ó ń yí, ó ń mì, ó ń fa irin náà lóròòru. Tó bá jẹ́ òrùlé onígi, igi gidi ni kí wọ́n gbé e kọ́, kì í ṣe pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ṣe àjà. Bóòtù tó di ọ̀pá fáànù mú gbọ́dọ̀ ní píìnì tí kò ní í jẹ́ kó yọ́ jáde. Abẹ́ ẹ̀ ò gbọdọ̀ sún mọ́ ilẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, ẹ má sì gbé e sọ́kàn-án bẹ́ẹ̀dì alájà méjì tí ọmọ ń sùn sókè ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyá náà ń kọ́? Nínú ilé àtijọ́, pupa ni láìfù, dúdú ni nútírà, aláwọ̀ ewé ni ẹ́ẹ̀tì. Nínú wáyá tuntun, buráùn ni láìfù, búlúù ni nútírà, aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò ni ẹ́ẹ̀tì. Ilé tí wọ́n ti tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, àwọ̀ méjèèjì lè wà níbẹ̀, tó bá sì jẹ́ ẹni tí ò mọṣẹ́ ló ṣe é, àwọ̀ gan-an lè máa parọ́. Ìdí tí tẹ́sítà fi ṣe pàtàkì nìyẹn. Wáyá 1.5 tó jẹ́ bàbà gidi ni wọ́n sábà máa ń lò fún fáànù àti gílóòbù, kì í ṣe wáyá rédíò. Tí wáyá ẹ́ẹ̀tì bá wà nínú ilé, ẹ má jẹ́ kí oníná gé e dànù pé kò wúlò.

Àwọn kan máa ń sọ pé fáànù lásán ni, iná tó ń jẹ ò tó nǹkan. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ fáànù òkè àjà ò ju wáàtì 75 lọ. Ṣùgbọ́n iná tó kéré tó ìdá mẹ́wàá èyí tó ń yí irú fáànù bẹ́ẹ̀ ti tó láti fún èèyàn léèémí, kó sì dá ọkàn ẹ̀ dúró. Ohun tó kéré lójú owó iná, kò kéré lójú ẹ̀mí.

Tí iná bá sì gbé ẹnì kan lójú yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pa méènì. Tẹ́ ẹ ò bá tètè rí méènì, ẹ dúró lórí nǹkan gbígbẹ, kẹ́ ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò lára wáyá. Tí kò bá mí mọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láyà, kí ẹlòmíì pe ìrànlọ́wọ́. 767 àti 112 ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè l'Ékòó. Epo pupa, mílíìkì àti iyẹ̀pẹ̀ kì í tún ọkàn ṣe.

Fáànù àtijọ́ ti padà sókè yàrá, orí irin tuntun. Tuntun wà ní pálọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ẹ̀ kan ti tẹ̀ díẹ̀, tó sì ń ké kínkín. Bàbá Oníná gba N8,000 ẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó ná an.

Ọmọkùnrin yẹn ti tú báńdéèjì, ó ti padà sọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ìbejì pàdé òun àti ọ̀gá ẹ̀ nílé aládùúgbò kan tó fẹ́ ṣe iná ilé ìdáná. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ọmọ náà ò tíì wọlé, kò tíì béèrè owó, kò tíì sọ àpò irinṣẹ́ kalẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé, "Ẹ káàsán, ma. Níbo ni méènì yín wà?"